Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ojú fún okùn wáyà ní Iléṣà

Ọjọ́ Ajé

Alájì ló rán mi níṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ìtì igi kan já bọ́ ní sọ́ọ̀mìlì wa ní Bódìjà bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látorí agbégilódò. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀. Kíá ni gbogbo èèyàn ti ń pariwo pé okùn já, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Mo mú okùn náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fọ́nrán kan ò já lára rẹ̀. Gíríìsì tí wọ́n fi kùn ún láti ilé iṣẹ́ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹnu okùn po kí ìkọ́ lè wọ̀ ọ́, ló tú. Ẹni tó tà á kàn ṣẹ́ ẹnu okùn po ni, ó fi kílíìpù méjì dè é, ẹrù sì fà á yọ. Alájì wo ibi tí mo ń nàka sí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ló ní bàbá kan wà ní Iléṣà tó mọ ìdí okùn, kí n lọ bá a, kí n má sì padà wálé títí iṣẹ́ á fi parí lójú mi.

Mo wọkọ̀ ní Ìwó Róòdù kí oòrùn tó yọ. A ra dòdò ní Ìkirè, torí mi ò tíì rí awakọ̀ tó gba Ìkirè kọjá láìdúró. Láti Gbọ̀ngán dé Ifẹ̀, kòtò ló ń wa ọkọ̀, awakọ̀ kàn di sítíárì mú ni. Lẹ́yìn Ọ̀ṣú, a bá agbégilódò kan tó ń rọra rọ́ lọ níwájú wa, ìtì igi mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn wáyà kan ló dì wọ́n mọ́ra. Àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀ ń ṣépè pé kò jẹ́ ká ríbi kọjá. Èmi ń wá ojú okùn yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Òṣogbo, páànù lásán ni wọ́n fi bò ó, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti ilé oúnjẹ mìíràn lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá náà. Ó ti bá àwọn tó ń ta okùn fáwọn elépo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Port Harcourt kó tó kó ẹrù ẹ̀ wálé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fún un ní ìwé tí Alájì kọ: okùn 16 mílímítà, mítà mẹ́ta mẹ́ta, ojú méjì méjì, "kó nípọn kó sì dán." Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, kí lẹ fẹ́ fi gbé?"

Mo ní ìtì igi ni, sà.

"Igi tó tóbi tó báwo?"

Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nílẹ̀ fún un. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣírò rẹ̀ sára ògiri. Ìtì tó fẹ̀ tó mítà kan, tó gùn ní mítà mẹ́rin, ó lé díẹ̀ ní kúbíìkì mítà mẹ́ta. Bí igi tútù bá sì wúwo tó omi, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ó lé nìyẹn. Okùn 16 tó ní okùn irin láàárín, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n gbà kó gbé bó bá fà tààrà sókè. Àmọ́ àwa kì í fà á tààrà. Ńṣe la máa ń ki ojú kan bọ inú ìkejì, kó fún igi náà lọ́rùn. Bá a bá ti lò ó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ti lọ nínú agbára ẹ̀, ó ku tọ́ọ̀nù 2.4. Okùn 20 mílímítà ló tó wa: tọ́ọ̀nù 4.6 bó bá fà tààrà, nǹkan bíi 3.7 bó bá fún igi lọ́rùn.

Mo pe Alájì. Ó kọ́kọ́ ní àwọn Ìjẹ̀ṣà ti fẹ́ ta òun ní ọjà tóun ò rán mi, àti pé ọmọ òṣómàáló ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbowó lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí mo ka ohun tó wà lára ògiri sí i létí, ó dákẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe 20.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mi ò ṣe nǹkan mìíràn láàárọ̀ ju pé kí n tú okùn lọ. Ọ̀gá gé èyí tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan fún mi, ó ní kí n tú u, kí n ka ohun tó wà nínú ẹ̀, ìgbà yẹn la tó lè jọ sọ̀rọ̀. Ọmọ okùn mẹ́fà ló lọ́ mọ́ra yí okùn kékeré kan ká ní àárín. Mo tún tú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà: fọ́nrán 1 ní àárín gbùngbùn, 7 yí i ká, 14 tún yí ìyẹn ká, ńlá kan kékeré kan, ńlá kan kékeré kan, kí wọ́n lè wọnú ara wọn láìsí àlàfo, 14 tó nípọn ló wá bo gbogbo ẹ̀ lóde. Ọgbọ̀n lé mẹ́fà. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 216. Okùn kékeré àárín náà ní ọmọ okùn 7 tó ní fọ́nrán 7 7, ìyẹn 49. Lápapọ̀, 265 fọ́nrán ló wà nínú ohun tí mo ti ń pè ní okùn kan láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ti gún mi níka kí n tó kà wọ́n tán.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo ṣe ń tú wọn, wọn ò na. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì lọ́ bó ṣe lọ́ nígbà tó wà nínú okùn. Ọ̀gá ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí bátànì yẹn nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó kó wọn pọ̀, ìdí nìyẹn tí okùn tuntun kì í fi í fọ́nká bẹ́ẹ bá gé e, tí fọ́nrán tó bá já lára ẹ̀ kì í sì í tètè ta jáde gún èèyàn.

Mo fi kálípà wọn fọ́nrán òde kan, ó lé díẹ̀ ní mílímítà kan. Irú irin tí wọ́n fi ṣe okùn yìí, 1770 ni wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀. Ohun tíyẹn ń sọ ni pé ibi tó bá fẹ̀ tó mílímítà kan níhà kan, mílímítà kan níhà kejì, lè gba ẹrù 1,770 níútìnì kó tó já, ìyẹn nǹkan bí 180 kílò. Fọ́nrán tí mo dì mú láàárín ìka méjì yìí, èèyàn méjì tó sanra lè rọ̀ mọ́ ọn. Mo ní kí àgbà ọmọ iṣẹ́ wá rọ̀ mọ́ ọn ká wò ó. Ó ní òun ò tíì fẹ́yàwó.

Wọn kì í fa fọ́nrán ní Iléṣà o. Orí róòlù onígi ńlá ni okùn náà máa ń wà wá látòkè òkun, láti Ṣáínà, Kòríà tàbí Yúróòpù. Okùn kì í sì í gùn gùn kó má níbi tí wọ́n ti fà á wá, torí náà mo ní kí Ọ̀gá ṣàlàyé. Ọ̀pá irin tó nípọn tó mílímítà 5.5 ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀, irin tí kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 0.8 nínú 100. Kábọ́ọ̀nù inú irin tí wọ́n fi ń kọ́ ilé kéré gan-an sí ìyẹn. Wọ́n á fi ásíìdì fọ ìpata kúrò lára ẹ̀. Wọ́n á dáná sí i títí yóò fi gbóná ju 900 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, wọn á sì kó o bọ inú òjé yíyọ́ tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bíi 500, kó tutù níbẹ̀, kó má tutù lójijì. Ibẹ̀ ni inú irin náà ti máa ń di wẹ́wẹ́ kan náà, tí yóò fi gbà kí wọ́n fà á láìjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fà á gba inú ihò kan sí òmíràn, ihò kọ̀ọ̀kan kéré ju èyí tó ṣáájú lọ, ọṣẹ gbígbẹ ni wọ́n fi ń yọ̀ ọ́ lára. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fà á yóò máa rọ̀ ni, yóò máa lẹ. Òdìkejì ni. Bó ṣe ń tín-ín-rín ló ń le sí i, ohun tí mílímítà kan lè gbà ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń kó igba fọ́nrán tín-ín-rín jọ dípò kí wọ́n fi ọ̀pá kan tó nípọn gbé ẹrù.

Ìdí kejì dàgbà ju gbogbo wa lọ. Jámánì ni okùn wáyà ti bẹ̀rẹ̀, ní Clausthal, lórí òkè Harz, níbi tí wọ́n ti ń wa fàdákà. Ẹ̀wọ̀n irin àti okùn èèpo ni wọ́n fi ń fa ẹrù jáde látinú kòtò nígbà náà. Okùn èèpo máa ń jẹrà. Ẹ̀wọ̀n kì í sì í kìlọ̀: bí ojú kan bá ti là, gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sínú kòtò. Lọ́dún 1834, ọ̀gá iṣẹ́ ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Wilhelm Albert lọ́ fọ́nrán irin mẹ́rin pọ̀ di ọmọ okùn, ó lọ́ mẹ́ta irú ẹ̀ di okùn kan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe é. Bí fọ́nrán kan bá já, àwọn tó kù á dì í mú, ojú á sì rí èyí tó já. Lọ́dún 1841, John Roebling, ọmọ Jámánì tó lọ ń gbé Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é ní Pennsylvania. Òun náà ni wọ́n mọ̀ mọ́ afárá Brooklyn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1883, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú kí wọ́n tó kọ́ ọ parí. Ọ̀gá ò mọ orúkọ kankan nínú ìwọ̀nyí, orí fóònù ni mo ti kà á lálẹ́. Ohun tóun mọ̀ ni pé ẹ̀wọ̀n ò ní sọ fún ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ iṣẹ́ kékeré wọn okùn wa kó tó gé e, ó ní 19. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo kálípà. Ó ní, "Àfonífojì lo wọ̀n, wọ̀n ọ́n lórí òkè." Ọmọ náà yí ẹnu kálípà títí tó fi bọ́ sórí ọmọ okùn méjì tó dojú kọra, níbi tó ti yọ jù. 20.5. Okùn tuntun máa ń lé díẹ̀, kì í dín.

Ọjọ́rú

Ọjọ́ ojú lòní. Bí mo bá fi gbogbo ìyókù àkọsílẹ̀ yìí sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ ti òní dáadáa.

Wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà rírọ̀ di okùn náà le ní apá ọ̀tún àti apá òsì ibi tí wọ́n fẹ́ gé, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ìgé lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gá fi ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà ṣe ojú hàn mí, kí n lè mọ èyí tí mò ń sanwó lé lórí.

Àkọ́kọ́ ni ti ọwọ́. Àgbà ọmọ iṣẹ́ di okùn kan mọ́ fáìsì, ó tú ẹnu ẹ̀ sí ọmọ okùn mẹ́fà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan. Ó ki irin náà bọ àárín ọmọ okùn méjì lára okùn, ó yí i, àlàfo là, ó sì ti ẹnu ọmọ okùn tó tú gba ibẹ̀ kó tó yọ irin. Kí irin tó yọ, ó ti fi gbogbo ara fa ọmọ okùn náà le. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́fà náà, ìgbà márùn-ún ló kì wọ́n bọ̀ ọ́. Nínú méjì tó kẹ́yìn, ó gé lára fọ́nrán wọn dànù kí ibẹ̀ lè tín-ín-rín bọ̀ wálẹ̀. Ojú kan gbà á ní wákàtí kan ó lé, ó sì ń làágùn bí ẹni pé ó ń gúnyán fún ìyàwó. Ojú tó dára ni, àmọ́ ìdá 80 nínú 100 agbára okùn ni wọ́n ń kà fún un, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù tó lè máa pòyì lófuurufú. Bí ẹrù bá ń yí, okùn ń tú, ohun tó hun náà ń tú.

Ìkejì ni ti férúlù. Ọ̀rùká alumíníọ̀mù gígùn ni. Wọ́n á kì í bọ ara okùn, wọ́n á ṣẹ́ okùn po, wọ́n á dá ẹnu ẹ̀ padà sínú férúlù kan náà, gbogbo ẹ̀ á wá lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀, láàárín dáì méjì, ìyẹn irin tó ní kòtò róbótó. Agbára ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí ju ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lọ. Mo dúró tì í. Páǹpù ń kùn, dáì òkè ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, férúlù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Alumíníọ̀mù ni, kò gbóná rárá, síbẹ̀ ó ń ṣàn wọ inú gbogbo àlàfo tó wà láàárín fọ́nrán. Nígbà tí dáì méjèèjì fẹnu kanra, etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férúlù. Ọ̀gá yí i díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi fáìlìn-maṣíìnì fá etí náà kúrò. Ó fi géèjì wọ̀n ọ́n, ó sì fi ẹnu okùn tó yọ díẹ̀ ní ìdí férúlù hàn mí. "Bó ò bá rí ẹnu yìí, má gbà á. O ò mọ̀ bóyá ó dé ìdí tàbí àárín ọ̀nà ló dúró sí."

Ìdá 90 ni wọ́n ń kà fún èyí. Gbogbo ẹrù pátá ló sì wà lọ́rùn férúlù yẹn. Bó bá la, ó tán.

Ìkẹta ló gba ọkàn mi. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Ó kọ́kọ́ ki ọ̀rùká irin kan bọ ara okùn, ó tì í sẹ́yìn. Ó wá pín okùn sí méjì láti ẹnu: ọmọ okùn mẹ́ta lọ sápá kan, mẹ́ta tó kù pẹ̀lú okùn àárín lọ sápá kejì. Ó gbé apá méjèèjì kọjá lórí ara wọn ní òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọn padà sínú ara wọn, apá kan ń sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún, ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀ lósì. Torí pé fọ́nrán náà ò gbàgbé bátànì ẹ̀, ọmọ okùn kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sínú kòtò tó ti jáde, ó ń ró wọlé, kò sí irin, kò sí òòlù. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ojú fi jáde, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí ibi tí wọ́n ti pín in. Ẹnu tó kù ló tẹ́ yí ara okùn ká nísàlẹ̀, ó fa ọ̀rùká irin wá bò ó, ó di ẹ̀rọ ìtẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pàápàá, ó ki ojú náà bọ ìkọ́, ó ní kí èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì fà á. A fà á, kò mira. Irú ojú yìí, bí ọ̀rùká bá tiẹ̀ fọ́, kì í ju ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní èyí tá a fẹ́ lò nínú igbó àti lórí agbégilódò, irú ẹ̀kẹta ni kí n gbà, nítorí wọ́n á máa wọ́ ọ nílẹ̀, òkúta á sì tètè ba alumíníọ̀mù jẹ́. Èyí tó máa wà ní sọ́ọ̀mìlì lè jẹ́ onífẹ́rúlù, bá ò bá ti gbé e súnmọ́ iná. Alumíníọ̀mù ò gbọdọ̀ ní ooru tó ju 150 lọ. Ojú tó máa wà lórí ṣákúlù, irin tó ká bíi lẹ́tà U tí pínnì ń dí lẹ́nu, nígbà gbogbo gbọ́dọ̀ ní tímbù nínú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ojú náà mọ́ra tí kì í jẹ́ kí ìkọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Èyí tó máa fún igi lọ́rùn ò nílò ẹ̀, kí wọ́n kàn jẹ́ kí ojú gùn, nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà.

Iyán àti ẹ̀fọ́ ni a jẹ lọ́sàn-án, lọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ò fi iyán ṣeré.

Ọjọ́bọ̀

Alájì pè, ó ní kí n bá òun ṣe ìkọ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, pé ti òyìnbó wọ́n jù. Ọ̀gá ò jiyàn. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan láàárín ìlú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníná ló ń lò dípò ẹwìrì, àmọ́ owú àti ẹ̀mú ṣì wà níwájú ẹ̀ bó ṣe wà níwájú bàbá ẹ̀. Mo bi í bóyá ó lè fi ọ̀pá irin ìkọ́lé rọ ìkọ́ fún wa.

Ó ní, "Mo lè rọ ọ́. Mi ò ní dúró lábẹ́ ẹ̀."

Àwọn méjèèjì wá ń ṣàlàyé fún mi, ọ̀kan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìkejì. Ìkọ́ gidi, irin alloy ni, wọ́n á gé e níwọ̀n, wọ́n á mú un gbóná tó nǹkan bíi 1,200, wọ́n á gbé e sínú dáì tó ní àwòrán ìkọ́, òòlù ńlá á sì ká a mọ́bẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á gé e sọnù. Títí dé ibẹ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà ni: lílù ló ń jẹ́ kí ìlà inú irin tẹ̀ lé ìyípo ìkọ́ náà, dípò kí ó gé e kọjá bíi ti irin tí wọ́n dà sínú mọ́lù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tún mú un gbóná, wọ́n á tì í bọ omi tàbí ọ́ìlì kó le, wọ́n á sì tún fi ooru díẹ̀ rọ̀ ọ́ kó má ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ní òun mọ ìyẹn dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà lòun ń ṣe sí àdá: ó le jù, ó ṣẹ́, ó rọ̀ jù, ó ká. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe ìkọ́ mọ iye ooru tó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ẹrù dán an wò kó tó jáde. Ìkọ́ tó dára, bí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹnu ẹ̀ á là kó tó já, ojú á rí i.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbé iná wẹ́dà kan ìkọ́ tàbí ṣákúlù láé. Ìgbà tí iná bá kàn án, gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ti ṣe fún un ti bàjẹ́ níbẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà ní Bódìjà, tí wọ́n jó irin mọ́ ìdí ṣákúlù kó má baà tú. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, wọ́n á fi bóòtì ọkọ̀ rọ́pò pínnì ẹ̀.

Ṣákúlù tí mo rà, mílímítà 19 ni ara ẹ̀, tọ́ọ̀nù 4.75 ni ẹrù ẹ̀, ó sì yọ lára irin náà, wọn ò fi ọ̀dà kọ ọ́. Nínú ọjà, èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lára kún bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀dà pupa ló ń dán lórí pínnì wọn. Wọ́n wọ́n tó èyí tó dára pàápàá.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀gá ní kí n wá wo ibi tí okùn ń kú sí. A lọ sọ́nà Ìfẹ̀wàrà, níbi tí àwọn agégi kan tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ń kó ìtì igi jọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ dé orókùn.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó mú èkíìsà òwú kan, ó sì rọra fà á lára okùn wíǹṣì wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa igi. Ibi tí fọ́nrán bá ti já, òwú á há. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, ó wá ka iye tó wà nínú ìlọ́ kan, ìyẹn gígùn tí ọmọ okùn kan fi yípo okùn lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan àti díẹ̀ lára okùn 20. Lára sílíńgì, ìyẹn okùn olójú méjì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù bíi tiwa, bí fọ́nrán mẹ́wàá bá já nínú ìlọ́ kan, tàbí márùn-ún nínú ọmọ okùn kan ṣoṣo, ó ti kú nìyẹn. Ó rí sílíńgì kan tó ní méje, ó ní kí wọ́n máa wò ó lójoojúmọ́. Òmíràn ò ní fọ́nrán tó já rárá, àmọ́ ó ti ká kọ́rọ́ nígbà kan, wọ́n fi òòlù nà án. Ìyẹn ló gé sí méjì lójú wọn, ọ̀gá wọn ń pariwo, "Bàbá, owó ni o!" Bàbá ò dá a lóhùn.

Wọ́n ní okùn kan tí wọ́n ta ní kókó. Kókó máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì agbára okùn, bó ti wù kó le tó. Okùn kejì ní kílíìpù, irú tiwa tó tú ní Bódìjà, mo sì sún mọ́ ọn. Kílíìpù ní apá méjì: gàárì tó nípọn tó ní eyín, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká bíi lẹ́tà U. Gàárì gbọ́dọ̀ wà lára okùn gígùn tó ń gbé ẹrù, U lára ẹnu kúkúrú tó padà. Bí wọ́n bá yí i, U á máa jẹ okùn tó ń gbé ẹrù. Nínú mẹ́ta tó wà níbẹ̀, wọ́n yí méjì. Okùn 20 ò tiẹ̀ gbọdọ̀ ní tó dín ní mẹ́rin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún wọn fún lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, nítorí okùn máa ń tín-ín-rín díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá kọ́kọ́ fà á. Kílíìpù wà fún okùn tí wọ́n fi ń di nǹkan mú lójú kan, tí kò ní máa lọ sókè sódò. Sílíńgì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ò yẹ kó ní in rárá.

Àwọn ọmọkùnrin náà ń fi sílíńgì ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì tẹ́ lọ gbalaja. Ọ̀gá ní kí méjì nínú wọn gbé báákẹ́ẹ̀tì omi kan pọ̀, kí wọ́n dúró sún mọ́ra. Ó rọrùn. Ó ní kí wọ́n máa jìnnà síra, kí apá wọn máa tẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ báákẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Omi ò pọ̀ sí i. Bí ẹsẹ̀ sílíńgì kan bá ti jìnnà sí òòró tó 60 dígírì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé gbogbo ẹrù náà, bí ẹni pé ìkejì ò sí níbẹ̀. Ju ìyẹn lọ, ẹnì kan ò gbọdọ̀ lò ó.

Mi ò rò pé gbogbo wọn ló gbà á gbọ́. Nígbà tá a fi máa kúrò, wọ́n ti wá okùn tó gùn jù lọ fún iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìdánwò la fi gbogbo àárọ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù náà ní irin gígùn kan nílẹ̀ tó ní ìdúró ní ìpẹ̀kun méjèèjì àti jáàkì ọ́ìlì lápá kan. Wọ́n fi ojú sílíńgì kọ́ síbi méjèèjì, wọ́n fi ẹ̀ní nínípọn bò ó, gbogbo wa bọ́ sẹ́yìn ògiri. Okùn irú èyí, ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù 25 lọ ló máa já a. Wọ́n yọ tiẹ̀ kúrò fún ojú, ó ku nǹkan bíi 23, wọ́n wá pín in sọ́nà márùn-ún, ìdá kan péré ni wọ́n gbà ká gbé, òun ni 4.6. Ìlọ́po méjì ẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò: 9.2. Abẹ́rẹ́ géèjì gòkè, ó dúró síbẹ̀. Okùn náà dún díẹ̀ bí fọ́nrán ẹ̀ ṣe ń wá àyè jókòó. Wọ́n tú u, wọ́n wọn ojú àti ọ̀rùká irin lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó kàn wọlé.

Ọ̀kan ò yege. Ọ̀rùká irin ẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kò ju ìbú èékánná lọ. Ó gbé ẹrù náà dáadáa, kò já, kò tú. Ọ̀gá gé ojú ẹ̀ dànù, ó ṣe òmíràn, sílíńgì náà sì kúrú sí i. Kò gbowó èyí lọ́wọ́ wa. Mo bá ọmọ iṣẹ́ kékeré lu táàgì: nọ́ńbà, mílímítà, mítà, tọ́ọ̀nù bó bá fà tààrà àti bó bá fún nǹkan lọ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ kùn wọ́n, díẹ̀ péré, kó lè wọ inú dé okùn àárín, kó má kàn gbá eruku jọ lóde.

Owó tá a jọ ṣe ò rọrùn. Mo san èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, Ọ̀gá ní ìyókù, òun máa wá jókòó ti Alájì ní Bódìjà bó bá pẹ́, wọ́n kúkú mọ ìran òun.

Mo kọ èyí nínú ọkọ̀, a ti kọjá Ifẹ̀. Sílíńgì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nínú àpò, mo ká wọn róbótó, mi ò ṣẹ́ wọn po. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti Bódìjà pé agbégilódò méjì ti wọlé, pé okùn àtijọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀, ṣé kí wọ́n tún kílíìpù ẹ̀ fún le, kí wọ́n fi sọ igi kalẹ̀ ná. Mo ní kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ nísinsìnyí kí n gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìgé lórí fóònù, kí awakọ̀ méjèèjì sì lọ jẹun títí n ó fi dé.